Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni Tó Ń Fi Fìlà Kan Ṣe Mẹ́ta n'Ìbàdàn

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà lára awọ tó yí inú fìlà òyìnbó mi ká, àwọ̀ wúrà ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Nígbà tí mo rà á ní oṣù kẹta, ẹni tó tà á fún mi sọ pé orúkọ lọ́yà òyìnbó kan ni, ará London, pé inú bẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀ lòun ti já a. Irọ́ ni. Orúkọ ọmọ Ìbàdàn ni. Àbúrò ẹni tó ni ín ṣì wà láyé, Òkè-Àdó níbí ni wọ́n ń gbé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì gbé fìlà náà fún oníṣòwò yìí pé kó bá àwọn tún un ṣe.

Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, torí ọ̀rọ̀ ti dé iwájú àwọn àgbà ọjà, wọn ò sì tíì dá a. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó ń ta, màá tú u palẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó ti ta á fún ẹlòmíì nínú yín.

Ó di ọdún kẹfà báyìí tí mo ti ń kó fìlà fẹ́ẹ̀tì àtijọ́ jọ, fìlà òyìnbó tí wọ́n fi irun ẹranko ṣe, tí etí rẹ̀ yí ká. Ògùnpa ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù, láàárín òkìríkà. Èyí tó kù, ọwọ́ ẹbí àwọn àgbà tó ti lọ ni mo ti rà wọ́n. Àwọn baba wa tí wọ́n lọ kàwé nílùú ọba láyé ọdún 1950 sí 1960, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi padà dé Àpápá, ọ̀pọ̀ wọn ló gbé fìlà bọ̀. Ìbàdàn ni olú ìlú Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, ibí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ìjọba, ibí ni fìlà wọn náà sì kú sí, nínú àpótí, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ ibùsùn. Kò sí ìlú tí mo mọ̀ tó dára ju ìlú wa yìí lọ fún ẹni tó ń wá irú fìlà bẹ́ẹ̀. Àwọn oníjìbìtì náà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orí status WhatsApp ni mo ti rí fìlà náà. Borsalino ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi kọfí tí kò ní mílíìkì. Ẹni tó bá ń kó fìlà jọ mọ ohun tí orúkọ yẹn jẹ́: ìlú Alessandria ní Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1857. Ó ní ₦110,000, a dúnàádúrà títí tó fi gba ₦85,000. Nígbà tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí n mú un dání fún ìṣẹ́jú kan tó fi yí i dojú dé níwájú mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo ìta o. Inú ni kẹ́ ẹ wò. Inú ni fìlà wà.”

Mo wo inú. Mo rí òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà lórí aṣọ sátínì, mo rí orúkọ wọn lára awọ, mo rí lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Òógùn ti mú awọ náà dúdú níwájú, níbi tó máa ń kan iwájú orí, bó ṣe yẹ kí awọ tí èèyàn ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún rí. Gbogbo ohun tí mo rí nínú ibẹ̀ pátá, ojúlówó ni. Mo sanwó, mo gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo dé e lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Mólété. Òjò mú wa láàárín géètì àti abẹ́ àtíbàbà, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Fìlà tí wọ́n fi irun ehoro ṣe kì í bẹ̀rù irú òjò bẹ́ẹ̀, ẹ ó kàn gbọ̀n ọ́n nù ni. Tèmi ò tíì jẹ́ kí n rí àga jókòó tí etí rẹ̀ ti rọ wálẹ̀ bí ewé tẹ̀tẹ̀ tí oòrùn pa. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Kí ló ń kán sí yín lọ́rùn?” Omi pupa rúsúrúsú ti tò sára ọrùn bùbá mi funfun. Mo gbóòórùn rẹ̀. Pólíìṣì bàtà ni.

Nígbà tó fi máa gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó ti sún kì, kò wọ orí mi mọ́.

Mo wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo yí awọ inú rẹ̀ síta. Ihò abẹ́rẹ́ tò lọ wẹ́rẹwẹ̀rẹ ní etí awọ náà, wọ́n tò dọ́gba, kò sí òwú kankan nínú wọn. Lókè wọn díẹ̀ ni ìlà ihò kejì wà, àwọn yẹn tóbi jù, wọ́n wọ́, òwú ọ̀rá tó ń dán ló sì wà nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti rán awọ kan ṣoṣo náà. Mo wo ẹ̀yìn, níbi tí orí awọ méjèèjì ti yẹ kí wọ́n fẹnu kanra: wọ́n gun ara wọn, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò mi. Nọ́ńbà tó wà lára awọ ni 59, ìyẹn ìwọ̀n orí ní sẹ̀ǹtímítà. Kí òjò tó pa fìlà náà, 57 ni, torí 57 ni orí mi, ó sì bá mi mu rẹ́gí. Awọ yẹn kọ́ ló bá fìlà yẹn wáyé.

Àwa bíi mẹ́fà la máa ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé nítorí fìlà. Mo gbé e lọ síbẹ̀. Àgbà wa níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìgò sójú, wọ́n sì gbé àtàǹpàkò lé lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

“Ọmọ mi, níbo lo ti rí fìlà ẹ̀gbọ́n mi?”

Oṣù kìíní ni wọ́n ti gbé fìlà olóògbé náà fún ọkùnrin yìí, wọ́n san ₦15,000 sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ gbà á, ó ní awọ inú rẹ̀ ti jẹrà, pé òun ti bá wọn fi tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí àgbà ni wọ́n. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà fún un! A ní kí wọ́n gbé èyí tó kó fún wọn wá. Irun àgùntàn ni, òun náà ń rùn bíi pólíìṣì, ọmọ ìyá kan náà lòun àti tèmi.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Á tú awọ àti aṣọ inú kúrò lára fìlà ojúlówó tẹ́ ẹ bá gbé fún un. Á rán wọn mọ́ fìlà irun àgùntàn olówó pọ́ọ́kú, á fi pólíìṣì kùn ún kí àwọ̀ rẹ̀ lè jọra, èyí nirú wa ń rà. Á fi fìlà irun àgùntàn mìíràn dá ẹni tó ni ín lóhùn. Ara fìlà ojúlówó náà wá kù sí i lọ́wọ́, á fi awọ mìíràn sí i, á tún tà á. Fìlà kan di mẹ́ta, àwa méjì la pàdánù.

Àìmọ fẹ́ẹ̀tì gan-an ni wọ́n fi ń rí wa mú. Fẹ́ẹ̀tì kì í ṣe aṣọ híhun, kò sí òwú nínú rẹ̀. Irun ẹranko ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n á máa fi omi gbígbóná àti agbára tẹ̀ ẹ́ títí irun á fi wọnú ara wọn tí kò ní ṣeé tú mọ́. Irun ehoro tàbí ti bífà, ẹranko odò kan nílẹ̀ òyìnbó, ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó wọ́n. Irun yẹn tín-ín-rín, ó máa ń dì mọ́ra gírígírí, ìdí nìyẹn tí fìlà rẹ̀ fi máa ń fúyẹ́ tí kì í sì í tètè wó. Irun àgùntàn nípọn jù ú lọ, wọ́n sábà máa ń fi nǹkan mú un le kó tó dúró dáadáa, omi ló sì ń tú àṣírí rẹ̀. Mi ò sọ pé fìlà irun àgùntàn burú o. Mo ní méjì, mo sì ń dé wọn. Ṣùgbọ́n ₦12,000 ni mo ra ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó tà á sì sọ ohun tó jẹ́ fún mi lójú mi.

Nítorí náà, bí oníṣòwò bá ti ń sáré yí fìlà dojú dé láti fi orúkọ hàn yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dá a dúró padà, kẹ́ ẹ fi ìka méjì ra etí rẹ̀. Irun ehoro máa ń kúnná, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí etí ọmọ ewúrẹ́; irun àgùntàn máa ń ṣe bíi búláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú aṣọ ìnujú funfun dání. Ẹ tọ omi díẹ̀ sí igun rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ra ibì kan tó fara sin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríbọ́nù. Bí àwọ̀ bá tò jáde tó ń rùn bí ohun tí wọ́n fi ń kun bàtà, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un. Bí aṣọ inú rẹ̀ bá ṣeé ká sókè, ẹ tan iná fóònù yín sínú orí fìlà níbi tó ṣókùnkùn. Ihò tí kòkòrò jẹ á tàn bí ìràwọ̀, ibi tí wọ́n sì fi gúlúù dí á ṣú ju ara yòókù lọ. Lẹ́yìn èyí ni kẹ́ ẹ tó wá yí awọ síta, kẹ́ ẹ ka ìlà ihò abẹ́rẹ́. Oníṣòwò olóòótọ́ kì í bínú sí èyí. Ìyá kan wà ní Ògùnpa tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń bá mi yí i.

Irọ́ nípa ọdún tí wọ́n ṣe fìlà náà tún wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà fi Stetson kan, fìlà ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, hàn mí, ó ní 1952 ni wọ́n ṣe é. Àmì ìlà dúdú àti funfun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kà ní ṣọ́ọ̀bù wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Ọdún 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ka àmì yẹn lára ọjà. Bákan náà, bí àdírẹ́sì Amẹ́ríkà bá wà nínú fìlà tí nọ́ńbà márùn-ún sì tẹ̀ lé orúkọ ìpínlẹ̀, kò lè ṣáájú 1963.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fìlà baba yín nílé, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀ tinú tòde, ẹ ti wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, ẹ sì ti fi pẹ́ńsù kọ àmì kékeré sára fẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, lábẹ́ awọ. Ara awọ kọ́ o, ara fẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ní awọ ti jẹrà, kí wọ́n kó jíjẹrà náà fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tó ń gbowó lé lórí yìí, ẹ lè ṣe é nílé: búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ooru kẹ́tùlù láti fi gbé ibi tó tẹ̀ dìde, kẹ́ ẹ sì ká awọ inú rẹ̀ síta kí ooru má kàn án, torí ooru máa ń mú awọ sún kì. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n ń lò láti fi ṣètò irun láyé àtijọ́, ó di 1941 kí Amẹ́ríkà tó fi í sílẹ̀. Fìlà tó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹ má fi sáńpépà ha á nínú yàrá tó sé mọ́.

Oníṣòwò náà ti dá ₦30,000 padà fún mi. Ó ní ara fìlà ojúlówó náà ti kúrò lọ́wọ́ òun, pé òun ò mọ ẹni tó rà á. Ohun tó mú mi jókòó kọ gbogbo èyí nìyẹn. Àwọ̀ kọfí ni, 59 ni orí rẹ̀. Sìgá ti jó etí rẹ̀ lápá òsì lẹ́yìn, ojú ibi tó jó ò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Bẹ́ ẹ bá gbé ríbọ́nù rẹ̀ sókè, ẹ ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ ṣú ju ìta lọ. Orúkọ mìíràn lè ti wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹ má wo ìyẹn. Ẹni tó bá ti rà á láìmọ̀, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀, màá san iye tó fi rà á padà fún un. Bàbá Tíṣà ò fẹ́ kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni, fìlà ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń wá. Mo ti dá awọ rẹ̀ padà fún wọn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n fi aṣọ ìnujú wé e, wọ́n sì gbé e sínú àpótí.