Fágúnwà, Òkédìjí tàbí Ìṣọ̀lá: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá, mẹ́ta yìí ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún un: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) ti D.O. Fágúnwà, Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, àti Ó Le Kú (1974) ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Bó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ka Yorùbá gbẹ̀yìn, Òkédìjí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Fágúnwà ló le jù. Ìtàn rẹ̀ kò ta kókó: Àkàrà-oògùn ń ròyìn ìrìnàjò rẹ̀, ó pàdé iwin kan tó ń jẹ́ Àgbákò nínú igbó, lẹ́yìn náà òun àti àwọn ọdẹ bíi Kàkó àti Olóhùn-iyọ̀ forí lé Òkè Láńgbòdó. Gbólóhùn ló gùn, tó ń fi ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin sọ ohun kan náà. Bí ẹ bá ń fi ojú sáré kà á, kò ní pẹ́ sú yín. Ẹ kà á sókè, ojú ewé méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, adùn rẹ̀ á jáde. Ìwàásù Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n tí wọ́n bá ní Òkè Láńgbòdó, lápá ìparí ti pọ̀ jù lójú tèmi. Ẹni tó bá fò ó kò jalè.

Ìwé Fágúnwà yìí náà ló sì yẹ kí ẹ yẹ̀ wò jù kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀dà àtijọ́ ń kọ “enia”, “aiye” àti “nwọn”. Àgbà kò ní kà á sí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rà á fún ọmọ tó ń múra ìdánwò, ẹ wá èyí tó tẹ̀lé àkọtọ́ 1974 (ìlànà ìkọsílẹ̀ Yorùbá òde òní), kó má lọ kó ti àtijọ́ sínú ìwé ìdánwò. Ayédèrú náà wà nígboro. Ẹ ṣí i láàárín, kí ẹ wo àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ: bó bá ti ń parẹ́, àdàkọ ni. Ẹ ṣí ewé tẹ̀lé ewé, kí ẹ wo nọ́ńbà wọn, torí ayédèrú máa ń fo ojú ewé tàbí kó tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Àjà Ló Lẹrù kì í fi àkókò ẹni ṣòfò. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ló ń lé ọ̀daràn kiri. Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì ló pọ̀ níbẹ̀, òwe inú rẹ̀ sì ń pani lẹ́rìn-ín. Lápàdé kan náà ló padà wá nínú Àgbàlagbà Akàn (1971).

Ó Le Kú rọrùn kà: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, kò mọ èyí tí ì bá fẹ́ nínú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Àìlèpinnu rẹ̀ máa ń múnú bí mi, àmọ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú ìwé náà dùn gan-an. Ẹni tó bá ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe lọ́dún 1997 (èyí tó tún sọ ìró kúkúrú di àṣà ìgbà náà) ti mọ eegun ìtàn náà. Kó kúkú fi owó rẹ̀ ra Àgbàlagbà Akàn.