Google Sites tàbí WordPress fún olùtà gàrí?

Àbúrò mi tó ń ta gàrí ní Ìjẹ̀bú-Òde bi mí pé nínú Google Sites àti WordPress, irinṣẹ́ méjì tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì (website), èwo ni kóun fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní Google Sites. Ọ̀fẹ́ ni. Fa àwòrán síbi tó wù ọ́, tẹ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ pamọ́. Ṣùgbọ́n bí o kò bá tẹ Publish, aráyé kò ní rí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé. Kọ́kọ́ wo bó ṣe máa rí lórí fóònù, torí fóònù ni oníbàárà wa ń lò. Má gbé àwòrán tó wúwo síbẹ̀, dátà ti wọ́n jù.

WordPress lágbára jù ú lọ, o lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ń gbowó síbẹ̀. Àmọ́ bó o bá fẹ́ orúkọ ìkànnì tìrẹ (domain), ọdọọdún lo máa sanwó. Ọjọ́ tí Èkó bá ń béèrè gàrí àbúrò mi, kó kó ìkànnì rẹ̀ lọ sórí WordPress.