Ẹ́ńjìnnì Bandit 1200 Nínú Férémù Bandit 600: Àyẹ̀wò Lẹ́yìn Kìlómítà 4,000

Ó ti tó kìlómítà 4,000 báyìí tí mo ti ń gun alùpùpù Suzuki Bandit 600 mi pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Bandit 1200 tí a gbé sínú rẹ̀. Mo rí i pé ó tó àkókò láti sọ bí ó ti rí, nítorí pé ariwo àti eré rẹ̀ nìkan ni àwọn tí ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà dára ju bí mo ti lérò lọ, àmọ́ àwọn iṣẹ́ tí ó yí i ká ni yóò sọ bóyá alùpùpù náà á ṣeé gùn tàbí kò ní ṣeé gùn, àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn sì ni àwọn tí mo gbé e fún kò ṣe dé ojú àmì.

Bandit 600 kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọdún 1995 ni Suzuki gbé e jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 599 cc tí ó ń mú nǹkan bí agbára ẹṣin 78 wá, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní nǹkan bí ìgbà 10,500 láàárín ìṣẹ́jú kan kí agbára yẹn tó pé. Ẹni tí ó bá gbé èèyàn sẹ́yìn, tí ó sì ń gun òkè, ní láti máa wá jíà nísàlẹ̀, kí ó sì máa fún un ní iná títí yóò fi ké. Ohun tí ó sú mi nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì 1200 ní tirẹ̀ wá láti ìdílé GSX-R1100, alùpùpù eléré ńlá kan tí Suzuki ṣe. Suzuki fẹ ihò písítínì rẹ̀ dé mílímítà 79, písítínì náà sì ń rin mílímítà 59, èyí tí ó sọ ọ́ di 1,157 cc. Nǹkan bí agbára ẹṣin 98 ni wọ́n kọ sí i, ní ìyípo 8,500. Ẹni tí ó bá wo ogún tí ó fi ju 600 lọ nìkan lè sọ pé kò tó ohun tí à ń ba férémù jẹ́ sí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni adùn rẹ̀ wà. Nísàlẹ̀, láàárín ìyípo 2,500 sí 5,000, níbi tí 600 ti ń tòògbé, ni 1200 ti ń fa ẹrù bí ẹni pé kò sí ẹrù kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ó ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ náà rọrùn ni pé àwọn ẹ́ńjìnnì méjèèjì jọra bí ọmọ ìyá. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ni ó ń mú àwọn méjèèjì tutù, nítorí náà kò sí rédíétọ̀ omi tí a ó máa wá àyè fún. Àmọ́ ara 1200 tóbi jù, àwọn ihò tí bóòtù ń gbà dè é kò sì bá ti férémù 600 mu, débi pé a ní láti gé àwọn ìdè àtijọ́ kan kúrò, kí a rọ òmíràn, kí a sì jó wọn mọ́ férémù. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí iná kan férémù rẹ̀ rárá, ẹ́ńjìnnì GSX750F, alùpùpù Suzuki mìíràn, ni mo gbà á níyànjú pé kí ó wá, nítorí ìdílé 600 ni ó ti wá, ó sì ń jókòó sórí àwọn ìdè kan náà láìsí gígé. Ká ní mo ti mọ èyí kí n tó ra 1200, n kò bá ronú lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi dùn sí ohun tí mo ní lónìí.

Iṣẹ́ jíjó irin tí àwọn mẹkáníìkì náà ṣe dára púpọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì sínú férémù, wọ́n fi bóòtù dì í mú, wọ́n sì fi iná kan ìdè kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ kí férémù má bàa ká, kí wọ́n tó gbé ẹ́ńjìnnì jáde láti parí rẹ̀. Mo fi suuru wo gbogbo ibi tí wọ́n jó, n kò rí àléébù kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣéènì ni ó bà wọ́n jẹ́ lójú mi. Eyín ṣéènì ti iwájú gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti ẹ̀yìn, nítorí pé bí ó bá yà díẹ̀, ṣéènì yóò máa ha eyín náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ti wò ó. Kò tíì tó kìlómítà 900 tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀, eyín ẹ̀yìn sì ti ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì nìkan. Nígbà tí mo padà lọ, èsì tí wọ́n fún mi ni pé ṣéènì tí mo rà ni kò dára. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo gbé e lọ, ó fi irin gígùn tí ó tọ́ lélẹ̀ láti eyín iwájú dé ti ẹ̀yìn, ó sì fi hàn mí pé ti iwájú fi mílímítà mẹ́rin jáde. Ìdajì ọjọ́ ni ó fi tún un ṣe. Èyí dùn mí gan-an, nítorí ṣéènì tí ó bá já lórí eré lè dá táyà ẹ̀yìn dúró lójijì.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì 1200 tí wọ́n ti lò, ẹ má ṣe gbà á ní òun nìkan. Kílọ́ọ̀ṣì 600 ń lo wáyà, ṣùgbọ́n òróró bíréèkì ni ó ń ti ti 1200, nítorí náà ẹ ó nílò ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, agolo òróró rẹ̀ àti páìpù tí ó so wọ́n pọ̀. Ẹnu kábúrétọ̀ 1200 jẹ́ mílímítà 36, nígbà tí ti 600 jẹ́ 32, ti àtijọ́ yóò sì fún ẹ́ńjìnnì ńlá náà lọ́rùn. Ẹ gba sàlẹ́ńsà pẹ̀lú páìpù rẹ̀, ẹ gba ohun tí ń mú ọ́ìlì tutù, kí ẹ má sì gbàgbé àpótí kékeré tí ń darí iná púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Àpótí yìí ni mo gbàgbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sì fi wá a.

Ní ti gígùn, ara tù mí. Jíà márùn-ún ni 1200 ní, 600 sì ní mẹ́fà, nítorí náà fún bí oṣù kan ni ẹsẹ̀ mi fi ń wá jíà kẹfà tí kò sí. Mo wá rí i pé n kò nílò rẹ̀. Bí mo bá wà nínú jíà karùn-ún lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù kan, tí ọ̀nà sì là, mo kàn ń fún un ní iná ni, a ó sì ti kọjá láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan kílọ́ọ̀ṣì. Epo ń lọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sí àní-àní níbẹ̀, àárẹ̀ tí mo máa ń gbé dé ilé lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn sì ti dín kù gan-an.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù lọ. Àwo bíréèkì iwájú Bandit 600 àkọ́kọ́ jẹ́ mílímítà 290, ohun tí ń fún un pọ̀ sì ní písítínì méjì péré. Ti 1200 jẹ́ mílímítà 310 pẹ̀lú písítínì mẹ́rin. Táyà ẹ̀yìn 600 fẹ̀ ní mílímítà 150, ti 1200 sì jẹ́ 180. Kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ ni Suzuki fi ṣe ìyàtọ̀ wọ̀nyí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gun tèmi pẹ̀lú bíréèkì àtijọ́, ní ọjọ́ kẹrin ni mo fún ọwọ́ bíréèkì pọ̀ dé ìdí kí n tó dúró níwájú iná pupa, ọkàn mi kò sì balẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo gbé iwájú 1200 wá lódindi, fọ́ọ̀kì (ẹsẹ̀ méjì tí ó di táyà iwájú mú), táyà àti bíréèkì, mo sì tún pààrọ̀ irin apá tí ó di táyà ẹ̀yìn mú kí táyà 180 lè rí àyè. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn mẹkáníìkì tí ó ṣe iṣẹ́ náà tí ó bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó dá alùpùpù mi padà, èyí sì ni ẹ̀sùn mi tí ó wúwo jù lọ sí wọn.

Ẹ tún rántí pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ti yí padà, nítorí náà ìwé alùpùpù àti ìwé ìbánigbófò gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣé mo lè gba ẹlòmíràn níyànjú pé kí ó ṣe é? Bí ó bá jẹ́ pé agbára nìkan ni ẹ ń wá, ẹ ra odindi Bandit 1200, ilé iṣẹ́ tí ó kọ́ ọ ti rò ó já fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní 600 tí ẹ fẹ́ràn, tí ẹ rí 1200 tí férémù rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí ohun gbogbo tó kù lára rẹ̀ pé, tí ẹ sì ní suuru, iṣẹ́ náà tọ́ sí i. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tí ó di ẹ́ńjìnnì mi mú, mo sì ń wò wọ́n ní gbogbo kìlómítà 500. Títí di òní, ọ̀kan ṣoṣo ni ó yẹ̀ lójú ìlà, èyí tí ó wà lẹ́yìn lápá òsì, mo sì ti pààrọ̀ rẹ̀.