Fences, DesktopOK, àti ṣọ́ọ̀bù tó ta Fences fún wa ní Wuse 2, Àbújá

"Ẹ̀gbọ́n, ímeèlì ta ni wọ́n fi rà á?" Ìbéèrè tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bi mí lẹ́yìn káńtà nìyẹn, òun ló sì bí mi nínú tí mo fi ń kọ èyí. Àwọn gan-an ló rà á! Àwọn ló gba owó Fences lọ́wọ́ wa, sọ́fítíwíà tó ń kó áíkọ́ọ̀nù (àwòrán kéékèèké tí a ń tẹ̀ láti ṣí nǹkan) ojú kọ̀ǹpútà sínú àpótí, àwọn ló gbé e sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Nígbà tí hard drive bàjẹ́, tí a sì gbé Windows sórí tuntun, Fences ní kí a mú key (nọ́mbà tó fi hàn pé a ti sanwó) àti ímeèlì tí wọ́n fi rà á wá. Ímeèlì ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti lò. Àwa tí a sanwó, orúkọ wa kò sí níbì kankan.

Ọ̀gá wọn kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ó ní kí n san owó key mìíràn, kí n sì fi owó iṣẹ́ lé e. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo inú ímeèlì yín, ó yẹ kó wà níbẹ̀." Ó ní àwọn kò lo ímeèlì yẹn mọ́. Mo yọ rìsíìtì jáde. Ó kà á, ó dá a padà, ó ní kò sí nọ́mbà key lórí rẹ̀. Lóòótọ́, kò sí. Ta ló wá kọ rìsíìtì náà?

Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí ṣọ́ọ̀bù bá yín ra sọ́fítíwíà, ímeèlì tiyín ni kí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, lójú yín. Ẹ má kúrò ní káńtà títí tí key yóò fi wọ fóònù yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Fences tilẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ tí a lè fi dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Stardock, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe é.

Fences fúnra rẹ̀ dára púpọ̀. Ẹ di bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì mú níbi tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, ẹ wọ́ ọ bí ẹni ń fa ilà yí ilẹ̀ ká, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ yan "Create Fence here", ẹ sì sọ àpótí náà lórúkọ. Bí ẹ bá tẹ ibi tó ṣófo lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo áíkọ́ọ̀nù á pòórá. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á padà. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ han àlejò nípàdé mọ iyì èyí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Folder Portal. Ó ń gbé ohun tó wà nínú fóldà kan sójú kọ̀ǹpútà, àwọn fáìlì náà kò sì kúrò ní ipò wọn. Tiwa dojú kọ fóldà ìwé kọ́ńtíráàtì lórí D, ibi ìpamọ́ kejì nínú kọ̀ǹpútà wa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ níbẹ̀, fáìlì gidi ni ẹ pa rẹ́ yẹn. Àpótí lásán tún yàtọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà nínú fóldà Desktop lórí C, ibi ìpamọ́ tí Windows wà. Kò dín ẹrù C kù, bí wọ́n bá sì fọ C nù, ó bá a lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù iṣẹ́.

Bí ọ̀gá ṣe lọ kí Jímọ̀, ọmọ ẹ̀yìn káńtà pè mí padà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Ó ṣí ímeèlì àtijọ́ náà, ó tẹ "Stardock" sí ibi ìwáǹkan, key wa jáde lójú ẹsẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi, ó dúró tì mí títí Fences fi gbà á. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá a máa ń lo projector. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ gba DesktopOK sí i nìyẹn," ó sì bá mi dà á sórí flash láìgba kọ́bọ̀.

Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá kúrò ní ìwọ̀n 1920×1080 bọ́ sí ìwọ̀n 1024×768 ti projector àtijọ́, àyè á fún, Windows á kó àwọn áíkọ́ọ̀nù jọ, wọn kì í sì í sábà padà sí ipò wọn fúnra wọn. Bí iná bá lọ lójijì lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ), ìtò tuntun lè má tíì wọ àkọsílẹ̀ Windows. DesktopOK ń kọ ipò áíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà tó bá a lọ. Ẹ tẹ Save kí ẹ tó so projector. Bí ẹ bá tú u tán, ẹ yan ìlà tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ Restore. Ọ̀fẹ́ ni, ó kéré gan-an, ó sì lè máa kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú tí ẹ bá yàn. Kì í kó áíkọ́ọ̀nù sínú àpótí bíi Fences, ojú rẹ̀ kò sì wuni.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lójú kọ̀ǹpútà, ẹ wọ View, ẹ wò ó bóyá "Auto arrange icons" ní àmì. Bí ó bá ní i, ẹ yọ ọ́. Òun ló ń dá áíkọ́ọ̀nù padà sórí ìlà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sún un.

Fences gba 4 nínú 5. DesktopOK gba 5. Ṣọ́ọ̀bù náà gba 4, nítorí ọmọ ẹ̀yìn káńtà yẹn.