Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn pọ́ǹpù epo kí ẹ tó ra òmíràn: ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ìsánlú

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ẹ bá ní píkọ́ọ̀pù ní Yàgbà tàbí lọ́nà Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, tó ń kú lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ti ní pọ́ǹpù epo ló bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó wà ní ìjáde Ìsánlú, lọ́nà Mọ̀pà, kí ẹ tó náwó. Iṣu àti kaṣú ni mò ń rà, Ìlọrin ni mò ń kó wọn lọ. Hilux méjì ló ń bá mi ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń lo bẹntiróòlù, èkejì ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Méjèèjì ti dé ọwọ́ ọ̀gá yìí.

Ti bẹntiróòlù yẹn ló dùn mí jù. Bí iṣu bá ti kún ẹ̀yìn rẹ̀, tí oòrùn sì mú, tó bá kan òkè báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á fà díẹ̀, á kú. Tó bá sinmi tán, á tún sitáàtì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Mẹkáníìkì kan níbòmíràn kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó ní pọ́ǹpù ni. A ra tuntun, ó fi sí i. Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì tún ní kí n lọ ra òmíràn. Owó pọ́ǹpù ojúlówó kì í ṣe owó ẹ̀pà, ayédèrú sì kún ọjà fọ́fọ́.

Ohun tí ọ̀gá Ìsánlú kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká bi ọkọ̀ léèrè ná." Ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ láì sitáàtì, òun alára gbé etí sí ẹ̀bá táǹkì. Pọ́ǹpù tó bá ń rí iná gbà á dún fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì, á sì dákẹ́. Bí kò bá dún, fíúùsì, rílè (súwíìṣì tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù) àti wáyà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tiwa dún. Ó sitáàtì ọkọ̀, ó yọ fíúùsì pọ́ǹpù, ó jẹ́ kí ínjínì jẹ epo tó kù nínú páìpù títí ó fi kú fúnra rẹ̀, kí epo má baà tú sí i lójú. Lẹ́yìn náà ló wá so géèjì tó ń wọn agbára epo mọ́ ojú ọ̀nà epo.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù tó ń lo ínjẹ́tọ̀ (ohun tó ń fọ́n epo sínú ínjínì), láàárín 40 sí 60 psi ni agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo máa ń wà. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, tiwa dára. Ó wá fi téèpù lẹ géèjì mọ́ gíláàsì iwájú níta, ó ní kí n wọlé, a gun òkè. Bó ṣe tẹ iná báyìí, abẹ́rẹ́ géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ojú mi ló ṣe.

Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ìbá ti ní pọ́ǹpù ti kú. Òun mú mítà tó ń wọn iná. Lórí bẹ́tìrì, ínjínì ń ṣiṣẹ́, ó rí fólìtì 13.8, ní ẹnu wáyà pọ́ǹpù lórí táǹkì, kò pé 10. Ibi tí wọ́n ti de wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tí iná ń gbà padà) mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà, sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù sì ti jó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iná kò dé ibẹ̀ tó, pọ́ǹpù kò lè sáré. Ó ha ẹ́ẹ̀tì mọ́, ó pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fọ asẹ́ ìdí pọ́ǹpù tí ìdọ̀tí ti dí. Pọ́ǹpù tí wọ́n ní kí n yọ sọnù ló ṣì ń gbé iṣu mi gun òkè títí di òní. Ó tún kìlọ̀ fún awakọ̀ mi pé kó má máa jẹ́ kí epo gbẹ kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì, torí epo náà ló ń mú pọ́ǹpù tutù.

Ti dísẹ́ẹ̀lì kò pẹ́. Láàárọ̀, ó máa ń yí títí kó tó gbà. Ó tú ìsàlẹ̀ fílítà sínú ìgò funfun: omi jókòó sísàlẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì léfòó lé e. Ó fi rọ́bà tó mọ́ gaara sí ojú ọ̀nà tí epo ń gbà wọ pọ́ǹpù, a sì rí afẹ́fẹ́ tó ń hó kọjá. Rọ́bà kan ló ti sán lẹ́bàá fílítà. Ó pààrọ̀ rẹ̀ àti fílítà, ó fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré orí fílítà títí ó fi le, ọkọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni òróró tó ń mú pọ́ǹpù ńlá tó ń ti epo lọ sí ínjẹ́tọ̀ yọ̀. Bí omi tàbí kẹrosíìnì bá bá a pò, irin á máa ha irin, èérún rẹ̀ á sì lọ ba ínjẹ́tọ̀ jẹ́. Torí ẹ̀ ló ṣe gé fílítà àtijọ́ sí méjì, tó wo inú rẹ̀ bóyá nǹkan ń dán. Kò sí, a dúpẹ́. Ọmọṣẹ́ kan fẹ́ tú páìpù ínjẹ́tọ̀ nígbà tí ínjínì ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀gá sì pariwo mọ́ ọn. Agbára inú páìpù àwọn ọkọ̀ tuntun lè ju 1,000 bar lọ. Epo ibẹ̀ lè gún awọ èèyàn wọlé.

₦10,000 ló gbà fún àyẹ̀wò, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú: inú abọ́ tí kò ní ìdérí ni wọ́n ń tú epo sí, wẹ́dà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí iná rẹ̀ ń ta. Mo sọ fún un lójú ara rẹ̀, ó ní òun máa wá nǹkan ṣe sí i. Kó tètè ṣe é, kó sì ra ohun ìpaná. Kò sí ìbòji fún oníbàárà, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń falẹ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá lẹ́rù nílẹ̀.

Aago mẹ́jọ ló ń ṣí, kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀yin tó ń ti Ẹ̀gbẹ̀ gbé ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì bọ̀, ẹ má fọ táǹkì kí ẹ tó dé o. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.