Táblẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ yìí, wọ́n ní ó máa ní fíngápíríǹtì: ṣé kí ẹ dúró dè é ni, àbí kí ẹ ra èyí tó wà nílẹ̀?

Gbogbo ìgbà tí táblẹ́ẹ̀tì tuntun bá ti ń múra àtijáde ni àhesọ pé ó máa ní fíngápíríǹtì, ìyẹn pé ó máa ka ìka èèyàn kó tó ṣí, máa ń gbóná. Ẹnì kan á gbé fọ́tò kéèsì síta pé ẹ wo bí ihò bọ́tìnì ẹ̀ ṣe gùn tó, ẹlòmíì á ní òun ti rí i nínú ọ́pídéètì, tó bá fi máa di alẹ́ kálukú ti ń sọ ọ́ bíi pé ó ti wà lọ́wọ́ òun, àwọn tó ti tọ́jú owó sílẹ̀ á wá ní àwọn ò rà mọ́, àwọn máa dúró. Èmi náà ti dúró bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi àwọn tó ní i àtàwọn tí ò ní i wé ara wọn, pàápàá torí ẹni tó jẹ́ pé owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ní, tí kò lè rà á tán kó tún pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

iPad mini 2 àti iPad mini 3

Mo mọ̀ pé wọ́n ti pẹ́, àmọ́ kò sí ibi tí ẹ ti lè rí iye tí wọ́n ń gbà lórí ìka kedere tó ibí yìí. September 2013 ni Apple kọ́kọ́ gbé Touch ID, ìyẹn fíngápíríǹtì tiwọn, jáde, lórí iPhone 5s. Kíá làwọn èèyàn ti ń sọ pé iPad tó máa jáde ní October ọdún yẹn náà máa ní i. October dé, wọ́n kéde iPad Air àti mini 2, kò sí nǹkan tó jọ ọ́ lára méjèèjì. Ó di October 2014 kí Touch ID tó dé orí iPad Air 2 àti mini 3, ọdún kan gbáko lẹ́ni tó dúró fi dúró.

Ẹ wá wo mini 3 yẹn dáadáa o. Chip A7, ìyẹn ọpọlọ tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó wà nínú mini 2 náà ló wà nínú ẹ̀, skírìnì kan náà, kámẹ́rà kan náà, ohun tó fi yàtọ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju Touch ID àti àwọ̀ góòlù lọ. Owó ńkọ́? Mini 2 já wá sí 299 dọ́là, wọ́n ń ta mini 3 ní 399. 100 dọ́là lórí ìka! Lọ́dún yẹn kan náà, 100 dọ́là náà ló wà láàárín iPad Air àti Air 2, 399 sí 499, àmọ́ ní ti Air 2 ẹ máa rí chip A8X tó yára jù ú lọ fíìfíì, RAM (àyè tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 2GB dípò 1GB, ara ẹ̀ náà sì fẹ́lẹ́ sí i, láti 7.5mm di 6.1mm. Owó kan náà, ọjà ò dọ́gba rárá. Torí náà bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé èyí tó ń bọ̀ máa ní fíngápíríǹtì, ohun tí mo máa ń bi í ni pé kí ló tún máa ní?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú skírìnì tó ní

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí òun ló ń gbà mí lọ́wọ́ àhesọ. Skírìnì OLED fúnra ẹ̀ ló ń tan iná, ó fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì lè gbabẹ̀ kọjá lọ bá sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìka lábẹ́ ẹ̀. LCD ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iná mìíì lẹ́yìn kó tó tàn, iná yẹn àtàwọn nǹkan tí wọ́n tẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ ló máa ń dí sẹ́ńsọ̀ lójú. Ẹ wo bí Samsung ṣe ń ṣe é: ní 2020, Galaxy Tab S7 jẹ́ LCD, inú bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ ìka sí, Tab S7+ jẹ́ AMOLED (irú OLED kan), abẹ́ gíláàsì ni tiẹ̀ wà. 2022, Tab S8 àti S8+ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tó di 2023 tí gbogbo Tab S9 di AMOLED, gbogbo wọn bọ́ sí abẹ́ gíláàsì, Tab S9 FE tó jẹ́ LCD wá padà sí bọ́tìnì. Tí wọ́n bá ń pariwo pé táblẹ́ẹ̀tì LCD olówó pọ́ọ́kú kan ń bọ̀ tó máa ní ti abẹ́ gíláàsì, èmi ò ní torí ẹ̀ dá owó mi dúró.

Ti iPad náà rí bẹ́ẹ̀, ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí wọ́n ti ń sọ pé Touch ID máa wọ abẹ́ gíláàsì, àmọ́ iPad Pro ti lọ sí Face ID, ìyẹn fífi ojú ṣí i, látọdún 2018, bọ́tìnì òkè ni Air ń lò láti 2020, mini láti 2021, iPad lásán náà tẹ̀ lé wọn ní 2022.

Ẹ tún ṣọ́ orúkọ o. Xiaomi Pad 7 Pro ní sẹ́ńsọ̀ ìka lára bọ́tìnì, Pad 7 tí kò ní Pro lórúkọ ò ní in. Ẹni tó bá gbọ́ pé "Pad 7 ní fíngápíríǹtì" tó sáré lọ ra èyí tí owó ẹ̀ kéré máa délé kó tó mọ̀.

Bọ́tìnì ìsàlẹ̀, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́, abẹ́ gíláàsì

iPad 9 tó jáde ní 2021 ni iPad tó gbẹ̀yìn tó ní bọ́tìnì róbótó nísàlẹ̀. Màmá mi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, wọ́n ní ìka àwọn máa ń bá a láìwò ó, òótọ́ sì ni, ojú kan náà ló máa ń wà, ihò ẹ̀ jìn díẹ̀, kò sí pé ẹ ń fọwọ́ wá a kiri. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni àyè, torí etí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ fẹ̀. Ti bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́, ìyẹn bíi ti iPad Air, Tab S9 FE àti Pixel Tablet, ìtẹ̀ kan ló máa fi jí tó sì máa fi ṣí, àmọ́ tí ẹ bá yí táblẹ́ẹ̀tì padà bọ́tìnì náà ti yí lọ síbòmíì, ó máa ń pẹ́ kó tó mọ́ àgbàlagbà lára. Ti abẹ́ gíláàsì rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ wo ibi tí ẹ máa tẹ̀, tí ẹ bá sì lọ lẹ gíláàsì ààbò tó nípọn mọ́ ọn lójú ó lè má ka ìka yín mọ́.

Màmá mi ń ta èlùbọ́, ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí wọ́n ti ń bó iṣu, ìlà àtàǹpàkò wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ kó tó gbà lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń dùn mí tí mo bá ń wò wọ́n. Ohun tó wá ràn wá lọ́wọ́ ni pé a fi ìka òrùka ọwọ́ òsì sí i, èyí tí iṣẹ́ ò tíì jẹ, a sì forúkọ ìka kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí Touch ID ń gba tó márùn-ún. Ẹ fi sọ́kàn náà pé ìka ò gba èèyàn lọ́wọ́ PIN: tí iPad bá kú tó tún tan, tí ẹ ò bá ṣí i fún wákàtí 48, tàbí tí ìka bá kọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, PIN ló máa béèrè. Ẹ bá àwọn òbí yín kọ ọ́ síbi tó láàbò.

Èyí tí kò ní in rárá

Galaxy Tab A9 àti A9+ ò ní ibi ìtẹ̀ka, OnePlus Pad ti 2023 náà ò ní. Olùtajà á ní ẹ má ṣèyọnu, ó ń fi ojú ṣí. Ó ń fi ojú ṣí lóòótọ́, àmọ́ kámẹ́rà lásán ni, Samsung fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé ẹni tó bá jọ yín tàbí fọ́tò yín lè ṣí i. Ohun tó wá ká mi lára jù ni ti báǹkì: Android pín ọ̀nà ìdánimọ̀ sí ipele mẹ́ta, ojú tó jẹ́ ti kámẹ́rà lásán sábà máa ń bọ́ sí èyí tó kéré jù, tó lè ṣí táblẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n tí áàpù ò lè lò. Nítorí náà PIN ni ẹ máa máa tẹ̀ nínú áàpù báǹkì lójú gbogbo èèyàn inú bọ́ọ̀sì. Face ID ti iPad Pro yàtọ̀ sí ìyẹn, iná infrared tí ojú èèyàn ò lè rí ló fi ń yàwòrán ojú, Apple sọ pé ẹnì kan nínú 1,000,000 ló lè ṣèèṣì ṣí i, nígbà tí Touch ID jẹ́ ẹnì kan nínú 50,000.

Ní tèmi, tó bá jẹ́ pé káwọn ọmọ máa wo kàtúùnù àti kí wọ́n máa kàwé ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ ra A9+ kẹ́ ẹ má dúró de nǹkankan, 219 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà. Tí owó bá ń gbabẹ̀ kọjá, Tab S9 FE ni, 449 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiẹ̀ ṣùgbọ́n ìka nìkan kọ́ lẹ san án lé lórí, bírò tí wọ́n fi ń kọ̀wé lójú ẹ̀ wà nínú páálí, omi ò sì ń wọ̀ ọ́. Fún àgbàlagbà, iPad lásán ti 2025, tó jẹ́ 349 dọ́là nígbà tó jáde, tó.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ńkọ́?

Mo ra iPad tòkunbọ̀ kan rí tó dán gbinrin, mo délé, Touch ID kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ bọ́tìnì ìsàlẹ̀ ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ yẹn àti chip inú iPad ti mọ ara wọn láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n bá fi bọ́tìnì mìíì sí i á máa tẹ̀ o, á gbé yín padà sójú ìwé àkọ́kọ́, àmọ́ kò ní ka ìka kankan títí láé. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n.

Torí náà lójú ẹni tó ń tà á ni kí ẹ ti wọ Settings, kí ẹ forúkọ ìka yín sílẹ̀, kí ẹ tì í pa kí ẹ ṣí i tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ẹ pa á kí ẹ tún tàn án kí ẹ tún ṣe é. Tó bá ní kí ẹ má wulẹ̀ ṣe é níbí, pé délé lẹ máa ṣe é, ẹ rọra gbé e kalẹ̀ fún un.