Mítà Apogee MQ-510: ẹ yá a wò kí ẹ tó ra iná mìíràn fún iyùn yín

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin iyùn nínú táńkì omi iyọ̀ nílé, tí ẹ sì ń rò ó pé iná yín kò tó, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ lọ yá mítà PAR, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí iyùn lè lò. Èyí tí mo lò ni Apogee MQ-510, tí ilé iṣẹ́ Apogee Instruments ń ṣe ní Logan, ìpínlẹ̀ Utah. Ilé ìtajà ẹja kékeré kan níhìn-ín ní Houston ni mo ti yá a fún òpin ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú táńkì, kò sí ohun tí mo yá tàbí tí mo rà tó là mí lójú tó o.

Iyùn tí mò ń sọ kì í ṣe ti ọrùn ìyàwó. Ẹranko ni, ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó sì lè kú mọ́ni lọ́wọ́. Inú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín kan ń gbé, zooxanthellae ni wọ́n ń pè wọ́n. Alásè ni wọ́n: ìmọ́lẹ̀ ni igi ìdáná wọn, iyùn ni wọ́n sì ń bu èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà fún. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ebi á máa pa iyùn díẹ̀díẹ̀, ẹ lè má tètè mọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, iyùn lè lé àwọn alásè rẹ̀ jáde, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, eegun rẹ̀ funfun á sì máa hàn lára rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà pálọ̀.

Ibi tó ti nira ni pé ojú wa kò lè wọn ìmọ́lẹ̀ yìí. Àwọ̀ ewé ni ojú èèyàn ń rí jù. Búlúù tó pọ̀ rẹpẹtẹ á ṣì máa ṣe bàìbàì lójú wa, bẹ́ẹ̀ búlúù yẹn gan-an ni zooxanthellae ń fi ṣiṣẹ́ jù. Bí òkun ṣe rí nìyẹn: omi tètè máa ń gba pupa mọ́ra, búlúù ló ń wọ ìsàlẹ̀ jìnnà. Ẹ wo Flower Garden Banks, òkìtì iyùn tó wà nínú òkun Gulf níwájú wa níhìn-ín, ó lé ní 160 kìlómítà sí etíkun Galveston. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ń dáàbò bò ó láti ọdún 1992. Orí òkìtì náà tó ga jù, nǹkan bíi mítà 17 ló fi jìn sísàlẹ̀ omi, àwọn iyùn ńláńlá sì ń gbé ibẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ búlúù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá kí wa, tó ní, "Ìyàwó wa, iná yìí mà ṣe bàìbàì, ṣé kò ní pa ẹja wọ̀nyí lára?", ohun tí ojú gbogbo èèyàn ń sọ fún wọn náà ló sọ. Mítà lux, ìyẹn èyí tó ń wọn bí ibì kan ṣe mọ́lẹ̀ tó lójú wa, àti àwọn áàpù fóònù tó ń ṣe bíi rẹ̀, ojú èèyàn ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n wọn, nítorí náà ibi tí ojú bá ti ṣì, àwọn náà á ṣì í.

Ohun tí PAR ń kà yàtọ̀. Ó ń ka iye fótọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tíntìntín, tí ìgbì wọn gùn láti 400 dé 700 nánómítà, tó ń bọ́ sórí ààyè tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Máíkírómòlù ni wọ́n fi ń kà á. Oòrùn ọ̀sán gangan lójú ọ̀run tó mọ́ máa ń sún mọ́ 2000. Nínú táńkì, iyùn rírọ̀ àti àwọn tó dà bí olú kò fẹ́ ju 50 sí 100 lọ. Àwọn Euphyllia, ìyẹn torch àti hammer tí gbogbo wa fẹ́ràn, máa ń gbádùn láàárín 80 sí 150. Acropora, tó jẹ́ iyùn líle, ń fẹ́ 200 sí 350. Ẹ máa rí ẹni tó fi díẹ̀ kún un tàbí tó yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí olùtọ́jú gidi tó máa sọ pé kí ẹ gbé Acropora sínú 60.

Ìdí tí mo fi béèrè 510 pàtó nìyí. Mítà Apogee àtijọ́ kan wà, MQ-200, tó dára fún oòrùn àti fún àwọn iná ayé ọjọ́un. Lábẹ́ iná LED búlúù, iye tó ń kọ máa ń kéré sí òótọ́, èèyàn ní láti ṣírò rẹ̀ kún un. Sẹ́ńsọ̀ 510, ìyẹn ojú tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀, ń rí láti nǹkan bíi 389 dé 692 nánómítà, nítorí náà ó ń ka búlúù bó ṣe tọ́. Èkejì, sẹ́ńsọ̀ tó bá wà lábẹ́ omi kì í rí ìmọ́lẹ̀ tó bó ṣe máa rí i nínú afẹ́fẹ́. Apogee ti fi àtúnṣe ìyẹn sínú mítà náà, ó ń fi èyí tó kù kún iye náà fúnra rẹ̀. Iye tí ẹ bá rí lábẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹ má kàn gbé e sókè nínú afẹ́fẹ́ kí ẹ wá gba iye yẹn gbọ́, ó ti lé.

Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ilé ìtajà náà ṣe dáadáa. Ó ní kí n fi owó díẹ̀ dógò lórí káàdì, ó sì mú mi lọ sídìí táńkì tiwọn láti fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí. Sẹ́ńsọ̀ nìkan ló ń wọ omi. Àpótí kékeré tí ẹ ó máa ka iye lójú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rin rárá, kódà kí ọwọ́ yín gbẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n so sẹ́ńsọ̀ mọ́ orí ọ̀pá gígùn kan, kí ó lè máa wo òkè tààrà, tí ẹ bá dà á ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, iye á jábọ́. Ẹ pa fèrèsé dé. Ẹ jẹ́ kí iná wà ní ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí òjìji apá yín bọ́ sí i. Omi tó ń mì lókè máa ń jẹ́ kí iye máa lọ sókè sódò, nítorí náà ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ mú àárín wọn. Èmi ya táńkì sórí ìwé, mo sì ń kọ iye ibì kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Ìwé yẹn ṣì wà lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ táńkì.

Iná mi ni AI Prime 16HD, ẹyọ kan ṣoṣo, kò tó 60 wáàtì. Táńkì mi jẹ́ nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, ìyẹn sì ni iná náà wà fún. Mo fi agbára rẹ̀ sí 65 nínú 100. Lórí òkúta gíga tó wà láàárín, mítà kọ 245. Ní agbedeméjì, ó kọ 150. Lórí iyanrìn tó wà lábẹ́ iná gan-an, 95. Ní igun ọ̀tún lẹ́yìn, 48. Ẹ gbà mí gbọ́, tí mo bá dúró síwájú dígí, ojú mi kò rí ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ láàárín igun yẹn àti àárín. Ìlọ́po márùn-ún ni, ojú mi sì ń pè é ní ọgbọọgba.

Montipora mi kan, iyùn líle lòun náà, wà lórí pèpéle òkúta lápá ọ̀tún, ó ti di búráùn. Àwọn kan ní omi mi ló dọ̀tí, pé nítírétì, èròjà tó ń wá látinú ìdọ̀tí ẹja, ló pọ̀. Òótọ́ ni pé ìyẹn náà lè sọ iyùn di búráùn. Ṣùgbọ́n iyùn tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó fún náà máa ń mú kí àwọn alásè rẹ̀ pọ̀ sí i, kí wọ́n lè rí ìwọ̀nba tó wà gbà, àwọ̀ àwọn yẹn ni ẹ ó sì máa rí. Mítà kọ 62 níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Mo gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kan, torí iyùn tó ti mọ́ òkùnkùn lára kò ṣeé dédé gbé síta. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ń padà láti etí wá sí àárín. Torch mi tó wà ní 150, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀, àwọn olú inú 48 náà kò dí mi lọ́wọ́, inú wọn dùn.

Kí n tó yá mítà yìí, iná kejì ni mo fẹ́ rà. Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo gbé iná tí mo ní sókè, láti 20 sẹ̀ǹtímítà sí omi dé 28. Orí òkúta sọ̀ kalẹ̀ sí 190, igun ọ̀tún gòkè sí 60. Ìmọ́lẹ̀ tó ń kóra jọ sí ojú kan wá tàn ká. Owó iná kejì wà nílé.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ta iná kì í sábà sọ fún oníbàárà: wákàtí náà wà nínú ìṣirò. 150 fún wákàtí 8, àti 100 fún wákàtí 12, ohun kan náà ni iyùn gbà lójúmọ́, nǹkan bíi mòlù 4.3 lórí ààyè tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn, mo fẹ́ kí táńkì wà ní títàn nígbà tí mo bá jí lọ́sàn-án, nítorí náà aago 10 òwúrọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni mo fi í sí lórí áàpù. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ tàn pẹ́ kí àlejò lè rí i lálẹ́, kó dín agbára rẹ̀ kù.

Ohun tí mítà yìí kò lè ṣe náà wà. Iye ló ń kà, kò lè sọ irú àwọ̀ tó pọ̀ nínú rẹ̀. Iná funfun tí PAR rẹ̀ jẹ́ 150 àti iná búlúù 150 máa rí bákan náà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ iyùn lábẹ́ wọn kò ní rí bákan náà. Owó rẹ̀ náà kò kéré, ó lé ní 500 dọ́là ní Amẹ́ríkà níbí. Seneye tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń ka PAR, ó ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, owó rẹ̀ sì rọrùn ju ti Apogee lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó máa wà nílé títí lè wo ìyẹn.

Ẹni tó ní táńkì kan ṣoṣo bíi tèmi, yíyá ni mo fọwọ́ sí. Ẹ béèrè ní ilé ìtajà tí ẹ ti ń ra iyọ̀ àti iyùn, tàbí kí ọ̀rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin dáwó rà á, kí ẹ máa gbé e kiri láàárín ara yín. Ẹ fi omi tútù lásán ṣan sẹ́ńsọ̀ dáadáa kí ẹ tó dá a padà, kí iyọ̀ má gbẹ mọ́ ọn, kí ẹ má sì gbé kòkòrò táńkì kan lọ sí òmíràn. Ọjọ́ tí ẹ bá tún òkúta tò, tàbí tí ẹ pààrọ̀ iná, ẹ tún lọ yá a.